ÀPÉRÒ ILẸ̀ YÚRÓÒPÙ LÓRÍ TÍỌ́RÌ ÀTI ÌPÈTE ÀYÍKÁ INÁ: ÌDÍ TÍ MÉJÈÈJÌ FI WÀ LÓRÍ ẸNÍ KAN

1. Ìfáàrà

Bébà yìí dá lórí àpérò àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ìlú London ní ọdún 1974, tí ó sì ti ń lọ láti ìlú dé ìlú ní ilẹ̀ Yúróòpù láti ìgbà náà. Orúkọ rẹ̀ ni Àpérò Ilẹ̀ Yúróòpù lórí Tíọ́rì àti Ìpète Àyíká Iná. Àwọn onímọ̀ a máa fi lẹ́tà márùn-ún, ECCTD, pè é ní ìkékúrú. Ohun méjì ni ó wà nínú orúkọ yìí. Èkíní ni tíọ́rì, tí í ṣe àlàyé ìdí tí nǹkan fi rí bí ó ti rí. Èkejì ni ìpète, tí í ṣe ètò tí a ń ṣe sílẹ̀ kí a tó so ẹ̀yà pọ̀ mọ́ ẹ̀yà, kí ohun tí a fẹ́ ṣe lè jẹ́ iṣẹ́ tí a rán an. Ìbéèrè tí bébà yìí fẹ́ dáhùn ni pé: kí ni ó fà á tí wọ́n fi so méjèèjì mọ́ okùn kan, ǹjẹ́ ó sì yẹ kí okùn náà já?

Ìbéèrè yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà láàárín àwọn onímọ̀ iná. Bí agbára kọ̀ǹpútà ti ń pọ̀ sí i ni àwọn kan ń sọ pé iṣẹ́ tíọ́rì ti parí, pé ohun tí ó kù kò ju kí ẹ̀rọ máa ṣe ìṣirò lọ. Àwọn mìíràn ẹ̀wẹ̀ jókòó ti ìṣirò orí bébà, wọn kò sì bìkítà bóyá ẹnikẹ́ni lè fi ṣe nǹkan. Èrò tí a gbé kalẹ̀ níhìn-ín ni pé ọ̀nà méjèèjì kò tọ́. Ìtàn asẹ́ iná, tí ó jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn kókó tí wọ́n jíròrò ní àpérò náà ní àwọn ọdún 1970 àti 1980, ni ẹ̀rí tí ó fi ìdí èyí múlẹ̀ jù lọ. Ṣùgbọ́n kí ọ̀rọ̀ asẹ́ tó lè yé ni, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí àyíká iná jẹ́.

2. Ohun tí Àyíká Iná Jẹ́

Àyíká iná ni ọ̀nà tí iná mànàmáná ń gbà jáde láti orísun rẹ̀, tí ó gba inú àwọn ẹ̀yà kan kọjá, tí ó sì tún padà sí orísun náà. Bí ọ̀nà yìí bá já níbì kan, ìṣàn iná yóò dúró. Ìdí nìyí tí ó fi ń jẹ́ àyíká. Inú rédíò, inú tẹlifóònù àti inú kọ̀ǹpútà, àyíká iná ni ó kún ibẹ̀.

Àwọn ẹ̀yà tí ó ṣe kókó kò pọ̀. Rẹ̀sísítọ̀ ń dín ìṣàn iná kù, ó sì ń sọ agbára rẹ̀ di ooru. Kàpásítọ̀ ń tọ́jú iná pamọ́ bí ìkòkò ti ń tọ́jú omi. Kọ́ìlì, tí í ṣe wáyà tí a ká, ń tọ́jú agbára sínú ipá òòfà tí ó yí i ká, kì í sì í fẹ́ kí ìṣàn inú rẹ̀ yí padà lójijì. Tìràǹsísítọ̀, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe jáde ní ilé ìwádìí Bell ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1947, ni ó ń jẹ́ kí iná kékeré lè darí iná ńlá.

Òfin méjì tí àwọn àyíká wọ̀nyí ń tẹ̀ lé ni Gustav Kirchhoff, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, gbé kalẹ̀ ní ọdún 1845, nígbà tí ó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ìlú Königsberg. Òfin kìíní ni pé iye ìṣàn tí ó bá wọ oríta kan gbọ́dọ̀ dọ́gba pẹ̀lú iye tí ó jáde níbẹ̀. Òfin kejì ni pé bí a bá yí ojú ọ̀nà kan po nínú àyíká tí a sì padà sí ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀, gbogbo fólítì tí ó gòkè àti gbogbo èyí tí ó sọ̀ kalẹ̀ yóò pa ara wọn rẹ́. Ó dàbí ẹni tí ó jáde nílé, tí ó gun òkè, tí ó sọ̀ kalẹ̀ sí àfonífojì, tí ó sì padà wálé: ilé rẹ̀ kò ga ju bí ó ti fi í sílẹ̀ lọ. Orí òfin méjì yìí, pẹ̀lú ìwà ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan, ni gbogbo tíọ́rì àyíká iná dúró lé.

3. Ìbẹ̀rẹ̀ àti Ìrìnàjò Àpérò náà

Ní ọdún 1973 ni ìwé àtìgbàdégbà kan tí ó dá lórí tíọ́rì àyíká iná àti ìlò rẹ̀, tí àwọn onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ ń kọ sí, bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ iná ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí a mọ̀ sí IEE, gba àpérò kìíní lálejò ní London. Láti ibẹ̀, àpérò náà lọ sí Genoa ní Ítálì ní 1976, Lausanne ní Switzerland ní 1978, Warsaw ní Pólándì ní 1980, àti The Hague ní Netherlands ní 1981. Láti ìgbà náà ni ó ti ń wáyé ní ọdún méjì méjì: Stuttgart ní 1983, Prague ní 1985, Paris ní 1987, Brighton ní 1989, Copenhagen ní 1991, Davos ní 1993, Istanbul ní 1995, títí tí ó fi dé Catania ní 2017. Ní ọdún 2020, Sofia ní Bulgaria ni ó kàn.

Ó yẹ kí a fiyè sí Warsaw àti Prague nínú àwọn ìlú wọ̀nyí. Ní ọdún 1980 àti 1985, Yúróòpù ṣì pín sí méjì, àwọn ìjọba ìhà Ìlà-Oòrùn sì wà lábẹ́ àṣẹ Moscow. Kò rọrùn fún onímọ̀ láti ìhà kan láti rí ìwé tí ẹnìkejì rẹ̀ kọ ní ìhà kejì, áńbọ̀sìbọ́sí kí ó rí ojú rẹ̀. Ọdún 1980 náà ni àwọn òṣìṣẹ́ ibùdó ọkọ̀ ojú omi ní Gdańsk da iṣẹ́ sílẹ̀, tí ìjọba Pólándì sì tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn pẹ̀lú wọn ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ. Nínú irú àkókò bẹ́ẹ̀ ni àpérò yìí wáyé ní olú-ìlú orílẹ̀-èdè náà. Òfin Kirchhoff kì í béèrè ìwé ìrìnnà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ohun tí ó bá jẹ́ òtítọ́ nípa àyíká iná ní Lausanne, òtítọ́ ni ní Warsaw pẹ̀lú. Èyí jẹ́ ọ̀kan nínú ìdí tí tíọ́rì fi lè kọjá ibi tí ọjà àti ẹ̀rọ kò lè kọjá.

4. Bí Iṣẹ́ Àpérò Ṣe Ń Lọ

Irú àpérò báyìí ní àṣà tirẹ̀. Àwọn olùgbàlejò á kọ́kọ́ kéde àwọn kókó tí wọ́n fẹ́ kí ènìyàn sọ̀rọ̀ lé lórí. Àwọn tí ó ní ìwádìí lọ́wọ́ á fi bébà wọn ránṣẹ́. A ó sì fún àwọn onímọ̀ mìíràn kà, kí wọ́n lè sọ èyí tí ó yẹ ní gbígbà àti èyí tí kò yẹ. Ní ọjọ́ àpérò, àwọn àgbà kan á sọ̀rọ̀ fún gbogbo ènìyàn nínú gbọ̀ngàn ńlá, lẹ́yìn náà ni olúkúlùkù á lọ sí yàrá tí wọ́n ti ń jíròrò kókó tí ó kàn án. Àkókò tí olùsọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ń ní kì í pọ̀, ìbéèrè a sì tẹ̀ lé e. Gbogbo bébà náà ni wọ́n ń kó jọ sínú ìwé kan, tí ẹni tí kò lè wá yóò fi rí wọn kà.

Ìwé yìí ni ó máa ń kù lẹ́yìn tí àlejò bá ti tú ká, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun nìkan ni èrè àpérò. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Ẹni tí ó ti fi ọdún mẹ́ta wá ojútùú ìṣirò kan lè gbọ́ lẹ́nu oníṣẹ́ ẹ̀rọ pé ẹ̀yà tí ìṣirò rẹ̀ gbára lé kò ṣeé ṣe rárá. Oníṣẹ́ ẹ̀rọ náà lè gbọ́ pé àìsàn tí ó ń bá ẹ̀rọ rẹ̀ fínra ti ní orúkọ àti oògùn láti ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn. Bí a bá ya tíọ́rì sí ilé kan, tí a ya ìpète sí ilé kejì, irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ kò lè wáyé.

5. Ọ̀rọ̀ Asẹ́ Iná

5.1 Asẹ́ ti Àtijọ́

Ẹni tí ó ń sẹ́ ògì ń fẹ́ kí omi ògì kọjá, kí èérí sì dúró sẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni asẹ́ iná ṣe ń ṣe sí àwọn iná tí ń gbọ̀n: ó ń jẹ́ kí àwọn tí ìyára ìgbọ̀n wọn wà láàárín ààlà kan kọjá, ó sì ń dá àwọn yòókù dúró. Ilé iṣẹ́ tẹlifóònù ni ó kọ́kọ́ nílò rẹ̀ gidigidi. Láti hertz 300 dé 3400 ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ohùn ènìyàn lórí tẹlifóònù. Bí wọ́n bá fún ìjíròrò kọ̀ọ̀kan ní àyè hertz 4000, tí wọ́n tò wọ́n síra wọn, ìjíròrò 12 lè gba orí okùn wáyà kan náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí asẹ́ tí yóò yà wọ́n sọ́tọ̀ ní òpin okùn, ariwo ọjà ni yóò kù.

Ní ọdún 1915 ni George Campbell ní Amẹ́ríkà àti Karl Willy Wagner ní Jámánì, tí ẹnì kan kò mọ̀ sí iṣẹ́ ẹnìkejì, ṣe asẹ́ tí wọ́n fi kọ́ìlì àti kàpásítọ̀ tò bí àkàbà. Lẹ́yìn wọn ni Wilhelm Cauer ní Jámánì àti Sidney Darlington ní Amẹ́ríkà fi ìṣirò hàn bí ènìyàn ṣe lè bẹ̀rẹ̀ láti orí iṣẹ́ tí ó fẹ́ kí asẹ́ ṣe, kí ó sì ti ibẹ̀ mọ ìwọ̀n ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan. Cauer kú ní Berlin ní oṣù kẹrin ọdún 1945, bí ogun ti ń parí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ kò bá a kú.

Ìṣòro dé nígbà tí Jack Kilby ní 1958 àti Robert Noyce ní 1959 fi hàn bí a ṣe lè ṣe odindi àyíká iná sórí ègé sílíkọ́nì kan ṣoṣo. Tìràǹsísítọ̀ gba orí sílíkọ́nì. Kàpásítọ̀ kéékèèké náà gbà á. Ṣùgbọ́n irú kọ́ìlì tí asẹ́ tẹlifóònù ń lò tóbi, ó wúwo, kò sì sí bí wọ́n ṣe lè tẹ̀ ẹ́ sórí ègé tí kò tó èékánná. Ó dàbí ẹni pé àkàbà àtijọ́ àti gbogbo tíọ́rì tí ó bí i ti di ohun tí a ó kó dànù.

5.2 Ohun tí Orchard Rí

Ọ̀nà tí àwọn apète kọ́kọ́ gbà ni pé wọ́n yọ kọ́ìlì kúrò, wọ́n fi tìràǹsísítọ̀ tàbí áńpílífáyà rọ́pò rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀sísítọ̀ àti kàpásítọ̀, gẹ́gẹ́ bí Sallen àti Key ti ṣàlàyé ní 1955. Wọ́n á ṣe asẹ́ kéékèèké, wọ́n á sì tò wọ́n tẹ̀ léra. Asẹ́ náà ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ tí a fẹ́ kí ó ṣe bá le, àrùn kan a máa yọjú. Bí ìwọ̀n ẹ̀yà kan bá yàtọ̀ díẹ̀ sí bí ó ti yẹ, odindi asẹ́ lè yẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà. Ẹ̀yà tí ìwọ̀n rẹ̀ pé pérépéré kò sì sí lọ́jà.

Ní ọdún 1966, H. J. Orchard tẹ bébà kúkúrú kan jáde tí ó ṣàlàyé ìdí tí àkàbà àtijọ́ kì í fi í ní àrùn yìí. Nínú àkàbà tí ó ní rẹ̀sísítọ̀ ní ìpẹ̀kun rẹ̀ méjèèjì, kọ́ìlì àti kàpásítọ̀ nìkan ni ó wà láàárín. Àwọn wọ̀nyí kì í jẹ agbára. Wọ́n kàn ń tọ́jú rẹ̀ ni, wọn á sì dá a padà. Bí asẹ́ náà bá jẹ́ èyí tí wọ́n pète dáadáa, àwọn ìyára ìgbọ̀n kan wà tí gbogbo agbára tí orísun lè yọ̀ǹda yóò dé òdìkejì láìdín. Níbẹ̀, kò sí ohun tí ó lè mú agbára náà pọ̀ sí i, nítorí orísun kò ní òmíràn láti fi sílẹ̀. Nítorí náà, ìbáà jẹ́ pé kọ́ìlì kan tóbi díẹ̀ jù tàbí ó kéré díẹ̀ jù, agbára tí ó dé òdìkejì kò lè ṣe ju kí ó dín kù lọ. Ibi tí ó jẹ́ pé ìsọ̀kalẹ̀ ni ó wà níhà méjèèjì, góńgó ni, orí góńgó òkè roboto a sì máa tẹ́. Ẹni tí ó dúró síbẹ̀, bí ó bá gbé ẹsẹ̀ kan síwájú tàbí sẹ́yìn, kò ní í sọ̀ kalẹ̀ tó nǹkan. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó dúró ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, ẹsẹ̀ kan péré ti tó láti gbé e jìnnà.

Ohun tí èyí túmọ̀ sí ni pé àṣìṣe kékeré nínú ẹ̀yà kò fi bẹ́ẹ̀ pa àkàbà lára. Orchard kò sì ní kí wọ́n padà sí kọ́ìlì. Ìmọ̀ràn rẹ̀ ni pé kí wọ́n pa ètò àkàbà mọ́, kí wọ́n wá ohun mìíràn tí yóò hùwà bí kọ́ìlì fi sí ipò rẹ̀. Irú ohun bẹ́ẹ̀ sì ti wà nínú tíọ́rì: ní 1948 ni Bernard Tellegen, onímọ̀ ará Netherlands, ti ṣàpèjúwe ẹ̀yà kan tí ó pè ní gyrator, tí ó jẹ́ pé bí a bá so kàpásítọ̀ mọ́ ẹnu rẹ̀ kan, ẹnu kejì yóò hùwà bí kọ́ìlì.

5.3 Kàpásítọ̀ tí ó Di Rẹ̀sísítọ̀

Kì í ṣe kọ́ìlì nìkan ni ó ní ìyọnu lórí sílíkọ́nì. Rẹ̀sísítọ̀ tí ó tóbi a máa gba àyè púpọ̀, ìwọ̀n rẹ̀ sì lè yàtọ̀ sí èyí tí a fẹ́ dé ìdá 20 nínú 100. Ní 1977, àwọn onímọ̀ ní Berkeley ní Amẹ́ríkà àti ní Ottawa ní Kánádà tẹ iṣẹ́ jáde tí ó fi kàpásítọ̀ rọ́pò rẹ̀sísítọ̀ náà.

Bí ènìyàn bá ń fi igbá bu omi láti inú ìkòkò kan sínú èkejì, tí kò sinmi, ẹni tí ó ń wo omi láti òkèèrè lè rò pé ẹnu ọ̀pá tóóró kan ni ó ń gbà kọjá. Bí igbá bá kéré tàbí tí ọwọ́ bá lọ́ra, ọ̀pá náà á dàbí èyí tí ó há. Kàpásítọ̀ kékeré ni igbá, tìràǹsísítọ̀ tí ó ń ṣí tí ó sì ń pa dé ni ọwọ́. Bí kàpásítọ̀ bá jẹ́ picofarad 1, tí ó sì ń bu iná ní ìgbà 100,000 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, iṣẹ́ rẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú ti rẹ̀sísítọ̀ ohm 10,000,000. Ohun tí ó wá ṣe pàtàkì nínú asẹ́ kì í ṣe ìwọ̀n kàpásítọ̀ kan, bí kò ṣe iye ìgbà tí ọ̀kan fi tóbi ju èkejì lọ. Bí àṣìṣe bá wọ ọ̀kan lórí ègé sílíkọ́nì kan náà, ó wọ èkejì pẹ̀lú ní ìwọ̀n kan náà. Nítorí náà ìfiwéra wọn kì í sábà yẹ̀ ju ìdá 1 nínú 100 lọ.

Kò pẹ́ tí àwọn apète fi tún padà sí ọ̀dọ̀ Orchard. Wọ́n fi kàpásítọ̀ onígbá yìí ṣe àwòkọ àkàbà àtijọ́, wọ́n sì rí i pé ìfaradà rẹ̀ bá a wá sórí sílíkọ́nì. Irú asẹ́ yìí wúlò púpọ̀ nínú tẹlifóònù ìgbà náà, nítorí ohùn tí a fẹ́ sọ di òǹkà ní ìgbà 8000 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba inú asẹ́ kọjá.

5.4 Asẹ́ Olóǹkà

Nígbà tí wọ́n sọ asẹ́ fúnra rẹ̀ di ìṣirò, àrùn mìíràn tún yọ. Ẹ̀rọ kò lè kọ òǹkà tí kò lópin. Ó gbọ́dọ̀ gé e. Nínú àwọn asẹ́ olóǹkà kan, gígé yìí lè mú kí asẹ́ máa dá gbọ̀n nìṣó nígbà tí ohunkóhun kò wọlé sí i mọ́. Alfred Fettweis, tí ó ṣiṣẹ́ ní Bochum ní Jámánì, dáhùn ní 1971 nípa ṣíṣe asẹ́ olóǹkà tí ó tẹ̀ lé ìlànà àkàbà: ó fi òǹkà dúró fún ìgbì tí ń lọ tí ó sì ń bọ̀ láàárín àwọn ẹ̀yà. Nítorí pé àkàbà kì í dá agbára sílẹ̀, àwòrán rẹ̀ nínú òǹkà kì í dá a sílẹ̀. Bí wọ́n bá ń gé òǹkà kí ó lè kéré, ńṣe ni ó dàbí ìgbà tí agbára ń dín kù, gbígbọ̀n náà yóò sì kú. Báyìí ni kọ́ìlì tí kò sí mọ́ ṣe ń tọ́ ìṣirò sọ́nà.

6. Àtakò àti Èsì

Àwọn tí ó ń tako tíọ́rì ní ẹ̀rí lọ́wọ́. Ètò ìṣirò kọ̀ǹpútà tí ń jẹ́ SPICE, tí Laurence Nagel ṣe ní Berkeley lábẹ́ àbójútó Donald Pederson, lè sọ bí àyíká tí ó ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ tìràǹsísítọ̀ yóò ṣe hùwà kí ẹnikẹ́ni tó ṣe é. Wọ́n ní kí ni a tún ń wá? Èsì kìíní ni pé inú òfin Kirchhoff ni SPICE ti ń mu omi. Ibi tí wọ́n sì ti kọ́kọ́ gbé e jáde fún gbogbo ènìyàn ni àpérò kan lórí tíọ́rì àyíká iná, ní Waterloo ní Kánádà, ní oṣù kẹrin ọdún 1973.

Èsì kejì jinlẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Kọ̀ǹpútà ń sọ bí àyíká tí a gbé fún un ṣe ń hùwà. Kì í sọ irú àyíká tí ó yẹ kí a gbé fún un. Ní 1983, Leon Chua ti Berkeley lọ sí Yunifásítì Waseda ní Tokyo. Wọ́n ń wá àyíká iná tí ìwà rẹ̀ kò ní í ṣeé sọ tẹ́lẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí àdììtú kankan nínú òfin tí ó ń tẹ̀ lé. Chua fi tíọ́rì ro ó wò pé iye ẹ̀yà tí ó kéré jù lọ tí ó lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ jẹ́ márùn-ún: kọ́ìlì kan, kàpásítọ̀ méjì, rẹ̀sísítọ̀ kan, àti ẹ̀yà kan tí ìṣàn rẹ̀ kì í bá fólítì rìn ní ojú ìlà tí ó tọ́. Ó ya àwòrán rẹ̀. Takashi Matsumoto gbé e fún kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà sì jẹ́rìí pé bẹ́ẹ̀ ni. Tíọ́rì ni ó ṣíwájú, ẹ̀rọ ni ó tẹ̀ lé e.

Ṣùgbọ́n kò yẹ kí a fi èyí ṣe àwáwí fún tíọ́rì tí kò wo ibi tí ọ̀nà ń lọ. Kò sí àpérò tí kò ní àwọn bébà tí ó jẹ́ pé ìṣòro tí ẹnikẹ́ni kò ní ni wọ́n yanjú. Iṣẹ́ Orchard àti ti Fettweis wúlò nítorí pé àìsàn ẹ̀rọ gidi ni wọ́n fi ṣe ìbéèrè.

7. Ìgúnlẹ̀

Bébà yìí ti fi hàn pé ìdí tí wọ́n fi so tíọ́rì àti ìpète pọ̀ nínú orúkọ àpérò yìí kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Nígbà tí kọ́ìlì kúrò nínú asẹ́, ohun tí ó wúlò jù nínú rẹ̀ kò bá a lọ, nítorí pé àwọn kan mọ ìdí tí ó fi wúlò. Ẹni tí ó bá mọ bí nǹkan ṣe ń ṣiṣẹ́ nìkan yóò pàdánù rẹ̀ nígbà tí èròjà bá yí padà. Ẹni tí ó bá mọ ìdí rẹ̀ yóò lè gbé e lọ sínú èròjà tuntun. Bákan náà, ìbá má sí apète tí sílíkọ́nì ń dà láàmú, kò dájú pé ẹnikẹ́ni ìbá béèrè ìdí tí àkàbà fi ń fara da àṣìṣe.

Igi kan kì í dá igbó ṣe. Ibi yòówù tí wọ́n bá ti ń kọ́ ènìyàn ní ìmọ̀ iná, bí wọ́n bá kọ́ ọ ní lílo kọ̀ǹpútà láìkọ́ ọ ní tíọ́rì, tàbí tí wọ́n kọ́ ọ ní tíọ́rì láìjẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ kan wáyà, ìdajì ìmọ̀ ni wọ́n fún un. Bí èròjà mìíràn bá tún dé lọ́la, tí ó lé sílíkọ́nì lọ bí sílíkọ́nì ti lé kọ́ìlì, ìdajì náà kò ní í tó o gbé iṣẹ́ rẹ̀ kọjá.